Ẹyẹlé Kì í San Owó Oògùn

Gbogbo January 15 ni ìjọba ń tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ fún ìrántí àwọn ológun. Ó dáa o. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ti ń sún mọ́ ọgọ́rin báyìí. Ẹyẹlé kọ́ ló máa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un. Ní December 2024, àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì ṣì ń fẹ̀hónú hàn l'Ábújá nítorí owó wọn.

Òfin 2022 ní dandan ni adójútòfò ìlera. Ta ló máa sanwó rẹ̀ fún sójà tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé?

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde, tí régbérégbé bá lè dá aṣọ òkè fún Ojúde Ọba, ó lè dá owó yìí náà. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba baba kan ṣoṣo, kí wọ́n gbà á ní yàrá, kí wọ́n san adójútòfò rẹ̀. Ìjọba ṣì jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í dúró de Àbújá.