Ojú Ni Ó Ń Ya Àwòrán

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sọ kò gùn. Èròjà àwòrán, èyí tí í ṣe ìlà, ìrísí, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, àwọ̀, bí ara nǹkan ti rí, àti àyè, ni a ń fi kọ́ àwọn ọmọ wa lódìlódì. A ń kọ orúkọ wọn sí ojú pátákó, àwọn ọmọ a dà wọ́n kọ, wọn a kọ́ wọn sórí, wọn a sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí a bá fi fóònù lé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ pé kí ó ya ìyá rẹ̀ àgbà, ojú ìyá náà a dúdú bí ìdí ìkòkò, igi ẹ̀yìnkùlé a sì dàbí ẹni pé orí rẹ̀ ni ó ti hù. Àwọn baba wa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa ti sọ ọmọ lórúkọ tán, a kò sì wo ilé rárá.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé fóònù olówó iyebíye ni ọmọ náà kò ní. Rárá o. Àlejò ní ojú, kò fi í ríran. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ rí. Ẹ̀rọ a máa wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó wọ inú rẹ̀, a sì máa fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ sí agbedeméjì. Bí ojú ọ̀run tí ó mọ́ kedere bá gba àyè púpọ̀ lẹ́yìn àgbàlagbà, ẹ̀rọ a rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, a sì dín in kù. Nígbà náà ni ojú ẹni tí a ń yà yóò ṣókùnkùn. Ọmọ tí a ti kọ́ láti máa wo ìmọ́lẹ̀ yóò wí pé, “Ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ kọjú sí ìta.” Ìmọ́lẹ̀ yóò bà lé ojú ìyá náà jẹ́jẹ́, ògiri tí ó ṣókùnkùn yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìmọ̀ ojú sì ni àkísà náà.

Ẹ wo J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Ẹdó, tí a bí ní 1930 tí ó sì kú ní 2014. Ní 1950 ó ra kámẹ́rà Brownie D, ọ̀kan nínú èyí tí ó rọrùn jù lọ, aládùúgbò rẹ̀ kan ni ó sì kọ́ ọ bí a ti ń lò ó. Ní 1954 ó wá sí Ìbàdàn yìí, ó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò ní iléeṣẹ́ ìjọba. Láti 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àti irun kíkó àwọn obìnrin, nígbà púpọ̀ láti ẹ̀yìn orí, ní dúdú àti funfun. Kí ni ó wà nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí? Ìlà ni, ìrísí ni, òjìji ni. Ní 2013 a fi wọ́n han gbogbo ayé ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì. Irun tí àwọn ọmọbìnrin wa ń dì ní ẹnu ọ̀nà lójoojúmọ́ ni ayé ń wò!

Àwọn ẹlòmíràn wí pé òfin àwọn òyìnbó ni èyí, kò kàn wá. Irọ́ ni. Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, bi àwọn Yorùbá léèrè ohun tí ó mú kí ère dára, ó sì tẹ ìdáhùn wọn jáde ní 1973. Wọ́n sọ fún un nípa jíjọra, ìfarahàn, dídán àti gígún. Kí ni àwọn wọ̀nyí bí kò ṣe èròjà àwòrán ní èdè tiwa? Bákan náà, nígbà tí a ti ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, àwọn aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ fi òpó rẹ̀ sí inú aṣọ Ìbàdàndùn, wọ́n sì to àwòrán ṣíbí sí àárín òpó kan àti èkejì. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ṣe é. Wọn kò ka ìwé kan kí wọ́n tó mọ̀ pé bí a bá tún ohun kan náà ṣe lọ́nà tí ó gún, ojú a máa bá a lọ. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn wá jù lọ ni ti àwọn tí ń pe ẹ̀kọ́ yìí ní eré. Ǹjẹ́ wọn kò tí ì rí ìwé ètò ìsìnkú ní àwọn abúlé wa? Baba kan gbé ọgọ́rin ọdún láyé, ó kọ ebè, ó gbin kòkó, ó tọ́ ọmọ. Nígbà tí ó sùn, àwòrán kan ṣoṣo tí a rí ni èyí tí a gé láti inú fọ́tò òde ìgbéyàwó, tí èjìká ẹlòmíràn ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí a kò sì rí ẹyinjú rẹ̀. Fóònù mẹ́wàá sì wà nínú agboolé náà. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ ti mọ àyè, tí wọ́n mọ ìmọ́lẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ ì bá mọ ojú tí wọ́n ti wá. Ẹni tí ó bá pe èyí ní eré, kí ó tún rò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, láti Mọ́níyà dé Àkànrán, láti Làlúpọn dé Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ pa ojú pátákó tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí olúkúlùkù ọmọ gé ihò onígun mẹ́rin sí àárín páálí kan, kí ó sì máa ti inú rẹ̀ wo ayé. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ kó wọn dúró sí orí poro oko, kí wọ́n rí bí àwọn ìlà ebè ti ń súnmọ́ ara wọn bí wọ́n ti ń jìnnà sí ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n wo èèpo igi kòkó kan náà ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán gangan, kí wọ́n sọ ìgbà tí ó farahàn jù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí wọ́n wo ẹnì kan nínú ihò páálí náà, kí wọ́n sì yọ ohun gbogbo tí kò kàn án kúrò lẹ́yìn rẹ̀, nípa gbígbé ẹsẹ̀ kan sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ fún wọn ní fóònù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó sọ orúkọ èròjà wọ̀nyí fún wọn. Wọn kì yóò gbàgbé wọn mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe dúró de olùkọ́. Àwọn àgbà yín ṣì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ lọ wò wọ́n dáradára, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà.