Ọ̀rọ̀ Ìdílé: Ewu Tí Ń Bẹ Nídìí Tábìlì Akọ̀wé

Nígbà tí ọmọ wa bá rí iṣẹ́ akọ̀wé, inú wa a máa dùn, a sì máa wí pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ewu: kò gun ọ̀pẹ, kò wa ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dúró ti ẹ̀rọ ńlá. Ọpẹ́ yẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sábẹ́ òrùlé náà ní egungun àti ojú tí ó lè bàjẹ́, àwọn tí ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì kéré. Bí ẹ̀yìn akọ̀wé kan bá dá, owó ilé-ìwé ọmọ àti oúnjẹ ilé lè dá pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, tẹ ìwé jáde ní ọdún 1700 lórí àwọn àrùn tí iṣẹ́ ń fà. Nígbà tí ó sì fi kún un ní ọdún 1713, ó kọ nípa àwọn akọ̀wé. Ohun mẹ́ta ni ó kà sí ìdí àìlera wọn: ìjókòó nígbà gbogbo, ọwọ́ tí ń lọ lọ́nà kan náà láìsinmi, àti ọkàn tí kì í balẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù àṣìṣe. Kálàmù ni wọ́n ń lò nígbà náà, kọ̀ǹpútà ni a ń lò lónìí; ṣùgbọ́n ara ènìyàn kò yí padà.

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Nínú ọ́fíìsì wa, àwọn tí ń wo ẹ̀yìn kò pọ̀. Bí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ kọ́ wáyà tí apá rẹ̀ sì ṣẹ́, ọ̀pọ̀ a máa bèèrè pé, “Ta ni ó ń bá a jà?” Wọn kì í bèèrè pé, “Ta ni ó fi wáyà sílẹ̀ lójú ọ̀nà?” Lọ́jọ́ kejì, wáyà náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró de ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà òjò, bàtà a máa gbé omi wọlé, ilẹ̀ dídán a sì máa yọ̀. Ẹni tí ó bá rí omi ni kí ó nù ún. Kí ó má dúró de agbálẹ̀. Àpótí kọ́bọ́ọ̀dù ìwé tí a bá fà jáde, kí a tì í padà. Kí a má sì fa méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí kọ́bọ́ọ̀dù irin má baà dà lé ènìyàn. Ìwé tí ó wúwo, ìsàlẹ̀ ni ààyè rẹ̀. Bí ohun kan bá ga jù fún wa, kí a wá àkàbà. Àga tí ń yí kiri kì í ṣe ohun tí à ń gùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹrù gbígbé. Páálí ìwé tí ó ní ìdì 5, tí ìdì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ abala 500, a máa wúwo ju kìlógíráàmù 12 lọ. Orúnkún ni kí a tẹ̀, kì í ṣe ìbàdí. Kí a fa ẹrù náà mọ́ àyà, kí a má sì lọ́ ara nígbà tí ó bá wà lọ́wọ́ wa. Bí ó bá pọ̀ jù, kí a pe ẹnìkejì: àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹni tí ń lo kọ̀ǹpútà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí òkè ojú ẹ̀rọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé ojú rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 20 kọ̀ọ̀kan, kí ó gbójú sókè wo ohun tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí i, fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Kí ó máa dìde rìn pẹ̀lú.

Ní ti iná mànàmáná, kí a má so ohun púpọ̀ mọ́ ojú iná kan ṣoṣo, nítorí wáyà a máa gbóná títí yóò fi jó. Bí iná bá gbé ẹnìkan, kí a kọ́kọ́ pa iná kí a tó fọwọ́ kàn án. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ fèrèsé: nínú èéfín rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí kò ní àwọ̀ tàbí òórùn, tí ó sì lè pa ènìyàn lójú oorun. Bí omi gbígbóná bá dà sí ẹnìkan lára, omi tútù tí ń ṣàn ni kí a dà sí i fún ìṣẹ́jú 20; kí a má fi epo tàbí ẹyin pa á.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ a máa fi ìpalára pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù kí iṣẹ́ má baà bọ́. Ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà ti ọdún 2010 lórí owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ wí pé kí òṣìṣẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàrin ọjọ́ 14, kí ọ̀gá náà sì fi tó àwọn aláṣẹ létí láàrin ọjọ́ 7. Ẹni tí ó dákẹ́ lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀, àti ti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àti aya, bí ẹni yín bá ti ibi iṣẹ́ dé tí ó ń di ẹ̀yìn mú, ẹ má fi òróró nìkan pa á; ẹ bèèrè irú àga tí ó ń jókòó lé. Ẹ̀yin akọ̀wé, ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó jókòó, ẹ wo ilẹ̀ yí tábìlì yín ká. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ gbé e kúrò.