Selena Piek: nínú badminton, ẹnìkejì kò ṣeé rà lọ́jà

Ìdíje Òlíḿpíìkì mẹ́ta ni Selena Piek, ọmọ orílẹ̀-èdè Họ́lándì tí àwọn Faransé ń pè ní Pays-Bas, ti lọ: Rio ní 2016, Tokyo ní 2021, Paris ní 2024. Kò gba àmì-ẹ̀yẹ kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá wo èyí nìkan lè bi wá pé kí ló dé tá a fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí ni pé ohun tí ojú obìnrin yìí rí lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ń fi hàn wá bí orílẹ̀-èdè kan ṣe lè ní ẹni tó mọṣẹ́, síbẹ̀ kí ọwọ́ ẹni náà má tó góòlù.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé badminton díẹ̀. Rakẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gbá a. Ohun tí wọ́n ń gbá kì í ṣe bọ́ọ̀lù roboto, ohun kékeré kan ni tí wọ́n fi ìyẹ́ 16 ṣe, kò sì wúwo tó gíráàmù 6. Àwọ̀n ló pín pápá sí méjì. Tó bá jẹ́ ìdíje eléèyàn méjì, pápá náà gùn ní mítà 13 àti sẹ̀ǹtímítà 40, ó sì fẹ̀ ní mítà 6 àti sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ ní ayò 21 ló jẹ abala kan, tó bá sì jẹ abala méjì nínú mẹ́ta, ó ti borí.

Nínú pápá kékeré yẹn, èèyàn méjì ló ń sá sókè sódò lápá kan. Bí wọ́n bá ń kọlu ọ̀tá, ọ̀kan á wà níwájú nídìí àwọ̀n, èkejì á wà lẹ́yìn. Bí ọ̀tá bá ń kọlù wọ́n, wọ́n á tètè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sáyè pé "ìwọ gbà á" tàbí "èmi ni ó gbà á". Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti kọjá. Ọdún mélòó kan ni èèyàn méjì fi ń bá ara wọn gbé kí wọ́n tó mọ ìrìn ara wọn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí kì í hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Àtẹ ipò àgbáyé kì í ka eléèyàn méjì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, méjèèjì pọ̀ ló ń kà. Bí ọ̀kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tó ṣèṣe, èkejì kò lè gbé ipò wọn lọ bá ẹlòmíràn. Ìsàlẹ̀ ni òun àti ẹni tuntun á ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàbà náà. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ 16 péré ló ń wọ ìdíje Òlíḿpíìkì nínú ẹ̀ka eléèyàn méjì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ Piek. Eefje Muskens ló kọ́kọ́ bá lọ sí Òlíḿpíìkì nínú ìdíje obìnrin méjì. Ní 2015, àwọn méjèèjì dé àṣekágbá ìdíje Kánádà ní ìlú Calgary, àwọn ọmọ Íńdíà, Jwala Gutta àti Ashwini Ponnappa, sì nà wọ́n ní 21-19, 21-16. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún pàdé ní Rio. Lọ́tẹ̀ yìí, Họ́lándì ló borí, ní abala mẹ́ta. Piek àti Muskens jáde nínú ìsọ̀rí wọn, wọ́n wọ ìpele tó ku ẹgbẹ́ 8. Ibẹ̀ ni Jung Kyung-eun àti Shin Seung-chan ti Kòríà ti dá wọn dúró. Àwọn ará Kòríà yẹn ló gba idẹ níkẹyìn.

Nígbà tí Tokyo fi máa dé, Muskens kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Piek mọ́. Cheryl Seinen ló wà níbẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé wọ́n ti tún gun àkàbà láti ìsàlẹ̀. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì tún wọ ìpele tó ku ẹgbẹ́ 8. Ẹ ka àwọn tó wà níbẹ̀ kí ẹ lè mọ bí ohun tí wọ́n ṣe ti tóbi tó: ẹgbẹ́ méjì láti Ṣáínà, méjì láti Jàpáànù, méjì láti Kòríà, ọ̀kan láti Indonéṣíà. Ìkẹjọ ni Piek àti Seinen. Nínú gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn nìkan ló kù.

Ta ló tún nà wọ́n? Shin Seung-chan yẹn náà ni! Àmọ́ òun náà ti pààrọ̀ ẹnìkejì. Lee So-hee ló bá wá sí Tokyo. Lee So-hee yìí ti wà ní Rio fún Kòríà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Chang Ye-na ló bá gbá a nígbà yẹn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Shin àti Piek, àwọn méjèèjì ló pààrọ̀ ẹnìkejì láàárín Rio àti Tokyo. Ohun kan náà ló dé bá wọn, àmọ́ ilé tí wọ́n ti jáde yàtọ̀. Ní Kòríà, ẹni tí wọ́n fi rọ́pò ti wọ Òlíḿpíìkì rí. Wọ́n kàn tún wọn tò ni, bí ìgbà tí àgbẹ̀ ṣí àká, tó mú iṣu mìíràn. Họ́lándì kò ní irú àká bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba àwọn tó dé ìpele yẹn lára obìnrin kò pọ̀, ẹni tí wọ́n bá sì rí ni wọ́n á gbà.

Àwọn tó gba góòlù ní Tokyo tún fi èyí hàn. Greysia Polii ti Indonéṣíà, tí wọ́n bí ní 1987, pàdánù ẹnìkejì rẹ̀, Nitya Krishinda Maheswari, nítorí pé ìyẹn ṣèṣe. Wọ́n mú ọmọdébìnrin kan, Apriyani Rahayu, tí wọ́n bí ní 1998, wọ́n fi tì í. Ọdún 11 ló wà láàárín wọn. Àwọn méjèèjì ló fi góòlù lé ọrùn. Ká ní kò sí àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń múra sílẹ̀ ní Indonéṣíà ni, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ Polii ti parí síbẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé Họ́lándì náà ti gba àmì-ẹ̀yẹ rí. Òótọ́ ni. Mia Audina gba fàdákà ní Athens ní 2004, òun sì ni kan ṣoṣo tí Họ́lándì gbà nínú badminton Òlíḿpíìkì títí di òní. Àmọ́ Jakarta, olú-ìlú Indonéṣíà, ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ti gba fàdákà fún Indonéṣíà ní Atlanta ní 1996 kó tó fẹ́ ọkọ ará Họ́lándì, tó sì bá a lọ. Ẹ sì kíyè sí i pé ìdíje ẹnì kan ṣoṣo ló ti gbà á. Ẹni tó ń dá gbá a lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kó sọdá òkun. Ẹni tó ń gbá a ní méjì kò lè di ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ ẹrù.

Piek tún gbá ìdíje ọkùnrin àti obìnrin pọ̀: òun àti Jacco Arends ní Rio, òun àti Robin Tabeling ní Tokyo àti Paris. Èyí fi hàn pé ní Rio àti ní Tokyo, ìdíje méjì ló ń gbá nígbà kan náà, pẹ̀lú ara kan ṣoṣo. Ẹnìkejì mẹ́rin ló ti ní ní Òlíḿpíìkì mẹ́ta. Ní Paris, òun àti Tabeling kò jáde nínú ìsọ̀rí wọn.

Àwa ò rò pé ó yẹ ká ka irú iṣẹ́ yìí sí òfo. Ẹni tó bá gun àkàbà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó ń dé òkè, ti ṣe ju ẹni tí wọ́n gbé sórí rẹ̀ lọ. Àmọ́ a ò rò pé ìyìn nìkan tó. Níbikíbi tí àwọn aláṣẹ bá ti ń fi iye àmì-ẹ̀yẹ nìkan pín owó eré ìdárayá, àwọn eléèyàn méjì ni ìyà máa kọ́kọ́ jẹ, torí pé owó náà ló yẹ kó tọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò di ẹnìkejì lọ́la. Bí owó bá dínkù, àká á gbẹ. Bí àká bá gbẹ, àmì-ẹ̀yẹ ò ní wá. Wọ́n á sì tún fi ìyẹn ṣe àwíjàre láti dín owó kù.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Òlíḿpíìkì tó ń bọ̀, Los Angeles ni, ní 2028. Ìbéèrè tó yẹ ká bi Họ́lándì, àti orílẹ̀-èdè yòówù tó bá fẹ́ gbá badminton eléèyàn méjì, kì í ṣe pé ta ni ìràwọ̀ yín. Àwọn méjì wo ló ti ń gbá a pọ̀ láti ìsinsìnyí, ta sì ni yóò rọ́pò bí ọ̀kan nínú wọn bá fi sílẹ̀?