Ta Ni Ó Ní Yorùbá Kò Gba Ìtàn Ayé Mìíràn?

Ní Jíbówú, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ibùdókọ̀ ọ̀nà jíjìn, bí ọkọ̀ kò bá tíì kún, àwọn ọ̀dọ́ a máa wo sinimá àwọn ẹ̀dá ayé mìíràn lórí fóònù. Kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi wí pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ju agbára èdè Yorùbá lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò dára lẹ́nu èrò ọkọ̀. Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé.

Ní 1969, Ursula Le Guin, ará Amẹ́ríkà, tẹ The Left Hand of Darkness jáde. Gethen ni ayé tí ó dá sílẹ̀ nínú rẹ̀, ayé òtútù àti yìnyín. Àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe akọ, wọn kì í ṣe abo, àfi fún ọjọ́ díẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà náà ni ọ̀kan yóò di akọ, tí èkejì yóò di abo, láìmọ̀ tẹ́lẹ̀ èyí tí yóò kan òun. Ọba pàápàá lóyún.

Kí ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún òǹkọ̀wé yìí? Ó sọ gbogbo wọn di ọkùnrin, nítorí “he” ni ó rí lò. Àwọn òǹkàwé fi ẹ̀hónú hàn. Ní 1976 ó gbèjà ara rẹ̀. Ní 1987 ó yí ohùn padà.

“Ó” kan ṣoṣo ni Yorùbá nílò! Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ: èwo nínú wọn ni ó ń béèrè akọ tàbí abo? Ìtàn Oǹdó sọ pé obìnrin ni Púpùpú, ọba wọn àkọ́kọ́. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí sì ti ṣàlàyé ní 1997 pé “ọba” kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni pé “bàbá” àti “ìyá” yóò dí atúmọ̀ èdè lọ́wọ́, nítorí ẹnì kan náà ni ó lè jẹ́ méjèèjì ní Gethen. Ṣùgbọ́n “òbí” wà nílẹ̀. Ní ti “ọkọ”, ṣebí ìyàwó ilé a máa pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lóbìnrin ní ọkọ òun?

Láti 1938 ni Fágúnwà ti mú àwọn ọdẹ rẹ̀ dé ìlú àwọn ẹyẹ, níbi tí Ògòǹgò ti ń jọba. Ní 2014, àwọn ẹ̀dá àjèjì gúnlẹ̀ sí etíkun Èkó nínú Lagoon, ìwé Nnedi Okorafor. Ọmọ Igbo tí a bí ní Amẹ́ríkà ni Okorafor. Kò jẹ Yorùbá ní gbèsè kankan. Àwọn tí èdè náà jẹ́ ti wọn ńkọ́, tí wọ́n jókòó sí Jíbówú tí wọ́n ń ní kò ṣeé ṣe?