Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ la sábà máa ń fi òwe yìí kọ́, pé ìwà tí kò bá ní nílé, kò lè rí i yá níta. Lónìí, ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ fi òwe yìí bá sọ̀rọ̀: ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ awakọ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí à ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba àti ọlọ́pàá, àárín ara wa ló yẹ ká ti kọ́kọ́ máa lò ó.

Ẹ wo Ajégúnlẹ̀, tí kò jìnnà sí èbúté Tin Can Island tí wọ́n ṣí ní 1977. Ayálégbé jẹ owó ilé. Ó ti ibi iṣẹ́ òru dé, ó bá àgádágodo tuntun lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ wà nínú, aṣọ iléèwé ọmọ wà nínú. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2011 yọ Apapa sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan Ajégúnlẹ̀: ilé ẹjọ́ ló ń lé ayálégbé jáde, kì í ṣe àgádágodo. Bí ẹgbẹ́ onílé bá dákẹ́ sí èyí, ẹnu wo ni wọn yóò fi sọ̀rọ̀ bí katakata ìjọba bá dé?

Katakata náà ti dé rí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì, 2013, ìjọba wó ilé ní Badia East, nítòsí Ajégúnlẹ̀. Amnesty International ní nǹkan bí 9,000 ènìyàn ló kàn. Ẹgbẹ́ Justice & Empowerment Initiatives ti wá ń kọ́ àwọn ará irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní òfin, kí wọ́n lè máa ran aládùúgbò wọn lọ́wọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá àti ní ilé ẹjọ́.

Ẹ̀kọ́ náà ṣe pàtó. Abala 35 ìwé òfin 1999 ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú ènìyàn fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Òfin àpapọ̀ ti 2015 lórí ẹjọ́ ọ̀daràn ní a kò gbọ́dọ̀ mú ìyá nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè lásán kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ àdúgbò bá mú ọmọkùnrin Ìlàjẹ tàbí Ègùn kan lóru nítorí fóònù tó sọnù, ta ló bi í léèrè ní èdè rẹ̀? Ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri kò jìnnà, ọ̀pọ̀ tó sì wà lẹ́wọ̀n nílẹ̀ yìí ni wọn kò tí ì dá lẹ́jọ́. Ẹgbẹ́ tó fa ọmọ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìbi í ní ìbéèrè kan ti lọ́wọ́ nínú ohun tó bá dé bá a.

Àwọn kan á ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ń gbe olè lẹ́yìn. Rárá o. Gbígbọ́ tẹnu afurasí kò dá olè sílẹ̀. Ẹni tí kò jalè ló ń gbà sílẹ̀. Bàbá wa ló ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ sínú ìwé òfin rẹ̀: a kì í dá ẹni tí a kò gbọ́ tẹnu rẹ̀ lẹ́jọ́, a kì í lu afurasí, a kì í ti ilé mọ́ ayálégbé síta. Kí wọ́n kà á sókè ní ìpàdé, kí ó sì mú alága bó ṣe mú ọmọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ yóò lè dúró níwájú ọ̀gá ọlọ́pàá kó sì bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ láìwo ilẹ̀.