Àlejò Orí Omi

Ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn ará Carriacou mu rẹ́gí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbọ́ Yorùbá. Erékùṣù kékeré ni Carriacou nínú òkun Kàríbíánì, lábẹ́ ìjọba Grenada; gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi máìlì 8 lọ. Ní etí òkun rẹ̀ níhà ìlà-oòrùn ni abúlé Windward wà.

Iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn ni a fi mọ Windward. Láti ọ̀rúndún 19, nígbà tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kan láti ilẹ̀ Scotland tẹ̀dó síbẹ̀, ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ onígi lórí iyanrìn etí òkun. Bí ọkọ̀ tuntun bá fẹ́ bọ́ sómi, wọn a pa ewúrẹ́ àti àgùntàn, àlùfáà a gbàdúrà sí i, tọmọdé tàgbà a sì pawọ́ pọ̀ fa okùn títí ọkọ̀ yóò fi léfòó. Ní 2023 ni UNESCO ka iṣẹ́ náà mọ́ ogún ìbílẹ̀ tí gbogbo aráyé gbọdọ̀ tọ́jú. Ta ni ó fẹ́ràn ọkọ̀ tí kò ní fẹ́ fojú kan irú ibẹ̀?

Nítorí náà ni àwọn tọkọtaya láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gbé inú ọkọ̀ onígbòkun, ṣe ń yà síbẹ̀. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Karùn-ún ni wọ́n sábà máa ń wá, nítorí pé kì í ṣe àkókò ìjì líle. Wọn a sọ ìdákọ̀ró, ọkọ àti aya a fi ọkọ̀ kékeré gúnlẹ̀, wọn a rajà díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn a gbé kẹ́ẹ̀gì sọ̀, wọn a sì béèrè omi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Carriacou kò ní odò kankan tí ń ṣàn yí ọdún ká. Omi òjò tí ó ti orí òrùlé ṣàn sínú tánkì tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé, oṣù tí àlejò pọ̀ jù gan-an sì ni oṣù ẹ̀ẹ̀rùn. Kẹ́ẹ̀gì 2 kò jọ nǹkan lójú ẹni tí yóò ta ìgbòkun lọ́la; ìyá tí ó bu omi náà fún un ni yóò máa wojú ọ̀run. Àwọn kan a máa wí pé àlejò ti sanwó, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó kì í mú òjò rọ̀. Àlejò tí ó mọ ìwà hù a kọ́kọ́ kí onílé, a béèrè bí omi ti kù sí, a sì gba ìwọ̀nba tí yóò mu, kì í ṣe èyí tí yóò fi fọ ọkọ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje 2024, ìjì Beryl kọlu Carriacou. Agbára káká ni a fi rí ilé tí kò fara gbá nínú rẹ̀. Páànù ń fò lókè bí ewé. Ẹni tí kò mọ ibẹ̀ yóò rò pé ibòji nìkan ni wọ́n pàdánù, ṣùgbọ́n òrùlé tí afẹ́fẹ́ ṣí lọ yìí kan náà ni ó ń gba òjò sínú tánkì. Tọkọtaya tí ó bá tún yà sí Windward ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ì bá sàn kí wọ́n kó ìṣó àti páànù wá ju kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo sọ̀ lọ.