Àṣá kọ́ ló ń kó ọmọ wa lọ
Ẹ̀yin òbí, ó dára kí a fi sinimá kúkúrú tó dà bí àlọ́ kìlọ̀ nípa òwò ọmọdé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àṣá tó gbé òròmọdìẹ ni wọ́n fi hàn wá, irọ́ ni. Ta ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé òròmọdìẹ fún àṣá rí?

Ní ọdún 2003, wọ́n kó ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó lé ní 200 padà láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó ń kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í já wọn gbà. Aṣọ ló ń mú wá, à ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, àwa la ń di ẹrù ọmọ.

Ẹ ya ológbò tó wọ ìyẹ́ adìẹ, tí ìyá adìẹ ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò dùn wá. Kó dùn wá!